Ẹ́ńjìnì sìlíńdà mẹ́fà sínú BMW E36 318is: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Kúpẹ́_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. BMW E36 318is ni ọkọ̀ náà, kúpẹ́ ilẹ̀kùn méjì, ọdún 1997, gíà mánúà. Ẹ́ńjìnì M44 inú rẹ̀ ti da omi pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, mẹkáníìkì sì ní kí n má náwó lé e mọ́. Bọ́dì rẹ̀ le, kò dógùn-ún rárá. Mo fẹ́ gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára sí i. Mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi: V8 1UZ ti Lexus LS400, 2JZ ti Lexus IS300, tàbí 3.0 ti BMW 330i. Mo fẹ́ kí ó lè fà díẹ̀díẹ̀ láàárín èrò lọ́jọ́ Ojúde Ọba láìgbóná, kí ó sì lè na márosẹ̀ láti Ṣágámù dé Ọ̀rẹ̀ láìsí wàhálà. Èwo ni kí n mú? Kí sì ni gbogbo ohun tí mo gbọ́dọ̀ rà mọ́ ọn?

Bàbá_Gíà (Ṣágámù)

Àbúrò, 3.0 ti BMW ni kí o mú. M54B30 ni orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣe é láti ọdún 2000 títí dé 2006. Cc 2979 ni, họ́sípáwà 231, tọ́ọ̀kì (agbára yíyí) 300 Nm. Họ́sípáwà M44 tó kú yẹn kò ju 140 lọ. Álúmínọ́ọ̀mù sì ni búlọ́ọ̀kù M54, kò ní di iwájú ọkọ̀ rù.

Mi ò sọ pé 1UZ kò dáa. Ẹ́ńjìnì tí Toyota fi sùúrù ṣe ni: cc 3968, fáàfù 32, ó sì ń lò pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní VVT-i (ètò tó ń yí àsìkò fáàfù padà), ìyẹn àwọn tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n, nǹkan bí 250 sí 260 ni họ́sípáwà wọn. Torí ogún tàbí ọgbọ̀n họ́sípáwà yẹn, wàá rọ sítì ẹ́ńjìnì tuntun, wàá wá páànù tí yóò so ó mọ́ gíà, ó sì ṣeé ṣe kí o gé sọ́ǹpù (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì). Sàláńsà apá òsì yóò máa bá ọ̀pá sítíárì jà sí ojú kan, torí òsì ni sítíárì wa wà. Kíkì sítátà rẹ̀ wà láàárín ìlà sìlíńdà méjèèjì, lábẹ́ mánífóòdù (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì). Ọjọ́ tó bá kú, o máa tú òkè ẹ́ńjìnì kí ọwọ́ rẹ tó kàn án.

2JZ-GE ti IS300 kò ní túróbò, irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó wúwo, họ́sípáwà rẹ̀ kò sì tó ti M54. GTE oní-túróbò ni ariwo tí ẹ ń gbọ́ nípa 2JZ, owó rẹ̀ sì lè ra odidi ọkọ̀ mìíràn.

Ohun tó mú mi fara mọ́ M54 ni pé ẹbí kan náà ni pẹ̀lú M50 àti M52 tí BMW fúnra wọn gbé sínú E36 325i àti 328i. Apá tí yóò gbé e jókòó wà lọ́jà. O ò ní jó ṣaṣí níbì kankan. Apá ọ̀tún ni sàláńsà rẹ̀ wà, ó jìnnà sí sítíárì.

Ladipo_sí_Ìkẹ́nnẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Gíà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rà á, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù.

Má ra ẹ́ńjìnì nìkan. Wá 330i tàbí 530i tí wọ́n gé iwájú rẹ̀ wá, tàbí èyí tó ní jàǹbá lẹ́yìn. Ohun tí o gbọ́dọ̀ gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ́ńjìnì, wáyà ẹ́ńjìnì láti orí dé ìdí, bíréènì bọ́ọ̀sì MS43 (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), àpótí EWS (èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tàn láìsí kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀), kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn gan-an, òrùka eriali tó yí ojú kọ́kọ́rọ́ ká, pẹ́dà epo, àti sẹ́ńsọ̀ sàláńsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá ti fi pílíásì gé wáyà kí ẹ́ńjìnì lè tètè jáde, fi ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Wáyà MS43 pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra ní àwọ̀. Owó tí o máa san fún ẹni tó máa tò wọ́n padà yóò ju ẹ̀dínwó tí wọ́n fún ọ lọ.

Ẹ́ńjìnì X5 3.0 náà dáa, ẹ́ńjìnì kan náà ni, ṣùgbọ́n sọ́ǹpù rẹ̀ kò wúlò fún ọ. Ọ̀pá ẹsẹ̀ iwájú gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ wo nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù kí ẹ tó dúnàádúrà. M54B30 máa ń ní 306S3. Bí ẹ bá rí 256S5, 2.5 nìyẹn, họ́sípáwà 192. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 3.0 lọ́jà, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láti òde.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tí ọ́ìlì bá mu orí rẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ríǹgì písítíìnì sìlíńdà yẹn ti rẹ̀. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 22 yí kiráǹkì pátápátá lẹ́ẹ̀mejì, kí ọwọ́ yín mọ̀ bóyá ó há níbì kan. Ẹ wọn kọ́ńpíréṣọ̀n. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan yẹ kó ju 150 psi lọ, kí èyí tó kéré jù má sì fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tó pọ̀ jù. Nǹkan tó ń ba M54 jẹ́ jù ni ooru: bólùtì tọ́ọ̀pù máa ń fa téèdì rẹ̀ jáde nínú búlọ́ọ̀kù álúmínọ́ọ̀mù. Torí náà, bí sìlíkóònù tuntun bá wà ní etí tọ́ọ̀pù, tàbí tí àwọn ike ìdí họ́ọ̀sì omi bá ń rún bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ẹ máa lọ.

DISA, fáàfù tó ń darí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, wà lára mánífóòdù ike. Bólùtì T40 méjì ló dì í mú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ìka mi ìdérí pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, tàbí tí ọ̀pá irin tó gba àárín rẹ̀ ti ń yọ jáde, ẹ má gbé e padà síbẹ̀. Ọ̀pá kékeré yẹn máa ń bọ́, fáàfù á gbé e mì, ó sì máa lu orí písítíìnì títí ẹ́ńjìnì á fi bàjẹ́. Ẹ ra tuntun, tàbí èyí tí wọ́n fi irin tún inú rẹ̀ ṣe.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sí.

Kúpẹ́_Òde

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé gíà mánúà tó wà nínú 318is mi kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ M54?

Bàbá_Gíà

Kò lè ṣiṣẹ́. Ojú tí gíà sìlíńdà mẹ́rin fi lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì yàtọ̀ sí ti mẹ́fà, ihò bólùtì wọn kò bára mu. Gíà ZF S5D 320Z ni kí o wá, èyí tó wà lẹ́yìn 328i àti 330i mánúà. Kílọ́ọ̀ṣì 240 mm ni, kí o ra díìsì, pírẹ́ṣọ̀ pílétì àti bíárì tuntun pọ̀. Bólùtì fíláíwíìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, wọn kì í lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mánúà ṣọ̀wọ́n nínú tòkunbọ̀ tó ń wọlé, nítorí náà wá gíà kí o tó wá ẹ́ńjìnì.

Bí o bá fẹ́ lo ọ̀tọmátíìkì, gba gíà, bíréènì bọ́ọ̀sì tirẹ̀, àti ọ̀pá ìyípadà gíà láti inú ọkọ̀ kan náà. Bíréènì gíà àti ti ẹ́ńjìnì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà CAN; bí ọ̀kan bá dákẹ́, gíà á lọ sí ipò ààbò, kò sì ní kúrò nínú gíà kan ṣoṣo.

Bí yóò ṣe jókòó nìyí. Apá ẹ́ńjìnì méjèèjì àti sítì rọ́bà wọn láti ara 325i tàbí 328i. Sọ́ǹpù, páìpù tó ń fa ọ́ìlì, àti ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì láti ara E36 sìlíńdà mẹ́fà. Má fi sọ́ǹpù 330i gbìyànjú rárá, pa á tì. Bí sọ́ǹpù bá ti wà nílẹ̀, wo nọ́ọ̀tì tó di jíà eléyín pọ́ǹpù ọ́ìlì mú. Òdìkejì ni téèdì rẹ̀ ń yí, ẹni tí kò mọ̀ á máa fún un nígbà tó rò pé òun ń tú u. Nọ́ọ̀tì yẹn máa ń tú fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ń fa ẹ́ńjìnì lọ sókè gan-an léraléra. Fi Loctite sí i, kí o sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó. Tí ó bá bọ́ lórí márosẹ̀, ọ́ìlì dúró, ẹ́ńjìnì lọ.

Pùròpẹ́là: má ra á kí ẹ́ńjìnì àti gíà tó jókòó pátápátá. Bí yóò ṣe gùn tó wà lọ́wọ́ gíà tí o bá lò. Wọ̀n ọ́n láti ojú gíà dé ojú dífù (àpótí jíà ẹ̀yìn tó ń yí táyà), kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì báláǹsì rẹ̀. Kọ́pílìn rọ́bà tó wà lẹ́yìn gíà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ọfà kékeré wà lára rẹ̀ tó ń fi ìhà tí wọ́n máa kọ sí hàn; ẹni tó bá kọ ọ́ sí òdì, ó máa ya láìpẹ́.

Dífù ẹ̀yìn ni ibi tí wọ́n sábà máa ń fojú fò. Ti 318is jẹ́ kékeré, 168 mm. Ti 325i àti 328i jẹ́ 188 mm. Tọ́ọ̀kì 300 Nm yóò jẹ eyín 168 lọ́jọ́ kan tí o bá jù ú sílẹ̀ láti ìdúró. Gba 188 pẹ̀lú ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Yan èyí tí ìpín yíyí rẹ̀ jẹ́ 2.93 tàbí 3.15. Bí o bá lo 3.45 tí 318is sábà máa ń ní, ọkọ̀ yóò fò nígboro ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì yóò máa ké lórí márosẹ̀ dé Ọ̀rẹ̀, epo á sì máa lọ. Fún ohun tí o sọ pé o fẹ́, 2.93 ni èmi yóò mú.

Rẹ́wáyà_Ìperu

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ́ńjìnì jókòó kò tíì ṣiṣẹ́. Wáyà ni iṣẹ́ tó gba ọpọlọ nínú èyí, mo sì fẹ́ kí Kúpẹ́_Òde mọ ohun tó ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, EWS. Bíréènì bọ́ọ̀sì MS43 kò ní jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tàná bí kò bá gba àmì láti ọ̀dọ̀ EWS tó mọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà: kí o gbé àpótí EWS, òrùka àti kọ́kọ́rọ́ 330i náà wọ inú ọkọ̀, tàbí kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ MS43 pa EWS kúrò nínú rẹ̀. Èkejì mọ́ jù, ó sì rọrùn láti tún ṣe bí nǹkan bá dàrú. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́, kí wọ́n pa àṣìṣe DSC (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀), pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kejì àti ti sẹ́ńsọ̀ méjì ẹ̀yìn sàláńsà náà bí ẹ kò bá ní lò wọ́n. Sẹ́ńsọ̀ méjì iwájú kò ṣeé pa, àwọn ni bíréènì fi ń mọ epo tí yóò fún ẹ́ńjìnì. Ẹ má gé sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì méjèèjì lábẹ́ mánífóòdù. Àwọn ló ń ṣọ́ písítíìnì nígbà tí epo kò bá dáa.

Èkejì, pẹ́dà. M54 kò ní wáyà irin tó ń fa tọ́rọ́tù. Sẹ́ńsọ̀ pẹ́dà ló ń ránṣẹ́ sí bíréènì. Ẹ gbé pẹ́dà 330i wọlé, kí wẹ́dà ṣe àtẹ́lẹ̀ irin fún un, kí ó le gírígírí. Kí ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí pẹ́dà sì lè dé ìsàlẹ̀ pátápátá láìkọlu kápẹ́ẹ̀tì. Wáyà ṣíńṣì bíréèkì gbọ́dọ̀ dé bíréènì náà, torí ó fi ń yẹ pẹ́dà wò.

Ẹ̀kẹta, àsopọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. E36 ní púlọ́ọ̀gì olójú ogún tí wọ́n ń pè ní X20, nítòsí àpótí fíúsì. Ibẹ̀ ni ẹ máa gbà so iná sítátà, iná gbígba agbára láti ọ́tánétọ̀, iná ọ́ìlì, àṣẹ fún rílè pọ́ǹpù epo, àti iná tó ń wọlé nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí. Ẹ tẹ àwòrán wáyà E36 ti ọdún ọkọ̀ yín àti ti 330i jáde sórí bébà. Ẹ fi míítà wọn wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwọ̀ wáyà gbé ìpinnu.

Dáṣíbọ́ọ̀dù E36 kò gbọ́ èdè CAN. Inú CAN sì ni M54 ń fi ooru omi ránṣẹ́ gbà. Bí ẹ bá so ó báyìí, géèjì ooru yóò kú sílẹ̀, awakọ̀ ò sì ní mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń jóná. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ ooru E36 sí ara omi M54 lọ́tọ̀, kí ẹ sì fa wáyà rẹ̀ lọ sí géèjì tààrà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ máa ṣe ìyẹn tó bá yá.

Ẹ fa wáyà K-line wá sí ihò OBD lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí síkánà lè kà á. Áàsì: ẹ lo wáyà tó nípọn láti ara ẹ́ńjìnì lọ sí bọ́dì, kí ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí wọ́n bá dè é mọ́. Bí áàsì yẹn bá kéré, iná kíkì sítátà á wá ọ̀nà mìíràn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò sì gbà, ìgbà náà ni ẹ máa rí èéfín.

Epo: 3.5 bar ni M54 ń fẹ́. Páìpù epo kan ṣoṣo ló dé orí ẹ́ńjìnì 330i, fílítà tó ní régúlétọ̀ nínú ló ń dá èyí tó ṣẹ́kù padà sí táńkì. Ẹ so fílítà yẹn mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì so àbọ̀ rẹ̀ mọ́ páìpù àbọ̀ E36. Họ́ọ̀sì tó lè gba epo onípírẹ́ṣọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe họ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà fún kabúrétọ̀.

Àǹtí_Ẹ́ńjìnì (Ìlíṣàn)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ooru ni yóò pinnu bóyá ọkọ̀ yìí á pé ọdún kan. Ọjọ́ kẹta Iléyà ni Ojúde Ọba, ọkọ̀ á máa fà lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin àti régbérégbé, afẹ́fẹ́ kò ní sí níwájú, AC sì wà ní títàn. Kò sí ìdánwò tó le ju ìyẹn lọ fún M54.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì wà lórí ilẹ̀, ẹ pààrọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí láìwo ojú wọn: wọ́tà pọ́ǹpù, tẹmosítáàtì, gbogbo họ́ọ̀sì omi, gásíkẹ́ẹ̀tì ilé fílítà ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí fáàfù, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn kiráǹkì, rọ́bà VANOS (ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò fáàfù padà), àti fáàfù CCV (èyí tó ń fa èéfín ọ́ìlì kúrò nínú ẹ́ńjìnì) pẹ̀lú họ́ọ̀sì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. CCV wà lábẹ́ mánífóòdù; bó bá dí, ẹ́ńjìnì á máa mu ọ́ìlì, wọ́n á sì máa sọ pé ríǹgì ló kú. Wákàtí díẹ̀ ni lórí ilẹ̀. Nínú ọkọ̀, odidi ọjọ́ ni.

Wọ́tà pọ́ǹpù tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ irin ni kí ẹ rà. Ti ike máa ń sán, tàbí kó máa yọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀. Bẹ́lítì ń yí, púlì ń yí, ẹ ò rí ohunkóhun láti òde, ṣùgbọ́n omi dúró sójú kan.

Rédíétọ̀ E36 sìlíńdà mẹ́fà ni kí ẹ lò, ti 318is kéré. Fáànù ńlá tó wà lára ẹ́ńjìnì ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀: bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, tí ẹ pa á, tí ẹ sì fọwọ́ yí fáànù tó ń yí fàlàlà láìsí ìdíwọ́, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú. Ẹ má yọ ike tó yí fáànù ká. Ike yẹn ló ń jẹ́ kí fáànù fa afẹ́fẹ́ láti inú rédíétọ̀, dípò kí ó máa yí afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ká. Fáànù oníná tó wà níwájú gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ìpele méjèèjì. Ṣíńṣì 91/99 lára rédíétọ̀ E36 ló ń tàn án: 91°C fún ìpele àkọ́kọ́, 99°C fún èkejì.

Kúláǹtì: ìdajì kúláǹtì aláwọ̀ búlúù tí BMW gbà, ìdajì omi tí a ti sẹ́. Omi kànga àti ti bọ́họ̀ máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú rédíétọ̀, ó sì máa ń jẹ álúmínọ́ọ̀mù. Ju líta 8 lọ ni yóò gbà. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, ẹ yí híítà dé ibi tó gbóná jù, ẹ tú sìkúrù afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí rédíétọ̀. Ẹ máa da kúláǹtì díẹ̀díẹ̀ títí tí omi lásán, láìsí ìfófòó, á fi máa jáde. Ìgbà náà ni kí ẹ dí i. Afẹ́fẹ́ tó bá kù sínú tọ́ọ̀pù á mú ibẹ̀ gbóná nígbà tí géèjì ṣì wà ní àárín.

Kúpẹ́_Òde

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí a yọ tẹmosítáàtì dànù, pé ìlú wa gbóná, kò wúlò.

Àǹtí_Ẹ́ńjìnì

Ẹ má gbà fún un, ẹ jọ̀ọ́. Tẹmosítáàtì M54 ní wáyà iná nínú, bíréènì ló ń darí rẹ̀. Nǹkan bí 97°C ló ń ṣí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ epo mọ́lẹ̀, bíréènì á mú inú rẹ̀ gbóná kó lè ṣí ṣáájú. Tí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa yípo kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Bíréènì á rò pé ẹ́ńjìnì tutù, á máa da epo púpọ̀ sí i, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ríǹgì á sì máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà, kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí rédíétọ̀ bá dí. Ẹ́ńjìnì tó ń gbóná nítorí pé tẹmosítáàtì wà níbẹ̀, tẹmosítáàtì yẹn ló bàjẹ́; ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ladipo_sí_Ìkẹ́nnẹ́

Lóòótọ́ ni. Kí n fi bíréèkì kún un kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Díìsì iwájú 318is jẹ́ 286 mm, ṣùgbọ́n kò ní ihò afẹ́fẹ́, 12 mm ló nípọn. Ti 325i àti 328i jẹ́ 286 mm bákan náà, 22 mm, ó ní ihò afẹ́fẹ́ ní àárín. Ẹ gba kálípà àti bẹ́ráńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì bíréèkì rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fọ ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ kúrò pátápátá. Sípíríǹgì iwájú 328i náà, kí imú ọkọ̀ má bàa tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, aláìmẹ́ǹtì.

Rẹ́wáyà_Ìperu

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ tàn án: ọ́ìlì líta 6.5, 5W-30 tàbí 5W-40 tó ní LL-01, àmì ìfọwọ́sí BMW, lára agolo. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, kí ẹ fi kíkì yí i títí iná ọ́ìlì fi kú. Kí ẹ tó dá fíúsì padà, kí ẹnì kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa wo àsopọ̀ páìpù epo, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa iná sì wà nítòsí. Tí ó bá tàn, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, AC títàn, síkánà lórí ooru omi. Bó bá ń yí láàárín 95 sí 105, ó dáa. Bó bá ń gòkè kọjá 110, ẹ pa á, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù.

Bàbá_Gíà

Ìwé ọkọ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé rẹ. Bí VIO tàbí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà kò bára mu, ọkọ̀ olè ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Mú rìsíìtì ẹ́ńjìnì tí Ladipo_sí_Ìkẹ́nnẹ́ ní kí o gbà, àwòrán nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun, àti ìwé àtijọ́ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà. Ṣe é kí o tó gbé e bọ́ sí márosẹ̀. Kí rìsíìtì má sì kúrò nínú ọkọ̀.

Kúpẹ́_Òde

Ẹ̀yin ọ̀gá, Ọlọ́run á máa bù kún un yín. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: irú rírìn wo ni kí n kọ́kọ́ rìn, kí n tó na án dé Ọ̀rẹ̀?

Àǹtí_Ẹ́ńjìnì

Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀dọ̀gbolú ní àkọ́kọ́, ní òwúrọ̀, kí ẹ padà, kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Tó bá gbẹ, ẹ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ máa ka ooru lórí síkánà ní gbogbo ìrìn wọ̀nyí. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ẹ gé fílítà àtijọ́ náà, kí ẹ tẹ́ bébà inú rẹ̀ síta nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí irin tó ń dán, ẹ dúró, ẹ wá ibi tó ti wá. Bí kò bá sí, ẹ fún bólùtì sítì ẹ́ńjìnì, pùròpẹ́là àti dífù lẹ́ẹ̀kan sí i. M54 máa ń mu ọ́ìlì díẹ̀, kódà èyí tó ní ìlera. Ẹ wo ọ̀pá ìwọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo, kí líta kan wà nínú búùtù kí ẹ tó kúrò ní Ṣágámù.